Àyà ìyá kí ó tó kan ẹ̀rọ

Ọmọ tí wọ́n bí ní kílógíráàmù kan kò wúwo ju ṣúgà páálí méjì lọ. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ̀rá ara rẹ̀ kò tó nǹkan, ooru sì ń yára jáde lára rẹ̀ ju bí ara náà ṣe lè rí òmíràn pèsè lọ. Bí òtútù bá mú un, èémí rẹ̀ á máa dá dúró, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì lè má mọ́ bá a. Nínú gbogbo ohun tó ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lágbàáyé, wàhálà àìpé oṣù ló ṣíwájú. Ní ọdún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.4 ọmọ tí oṣù wọn kò pé ni wọ́n bí.

Ìtọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà sọ lórúkọ kangarúù, ẹranko Ọsirélíà tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, ti pẹ́ díẹ̀. Àìní ló bí i. Ní ọdún 1978, inkubétọ̀ tó ń mú ọmọ móoru kò kárí mọ́ ní Instituto Materno Infantil, ilé ìwòsàn àwọn tálákà ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà. Ọmọ méjì sí mẹ́ta ń pín ẹyọ kan lò, àrùn ń ran láti ara ọ̀kan sí èkejì, àwọn ìyá kan tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọmọ wọn sì ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ. Dókítà Edgar Rey Sanabria bá ní kí wọ́n gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ láyà.

Ìhòhò ni ọmọ máa ń wà, àfi ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n á gbé e nàró sáàárín ọmú méjèèjì, awọ ara kan awọ ara, wọ́n á wá fi aṣọ gbà á mọ́ra tọ̀sán-tòru. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé pípọ̀n tí a mọ̀ náà ni. Ẹ̀yìn la ń pọn ọmọ sí, aṣọ sì máa ń wà láàárín. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ìyá àgbà kan bá fajú ro nígbà tó kọ́kọ́ rí i.

Àmọ́ òfin kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń dí ìtọ́jú yìí lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n tó gbé e fún ìyá, èyí sì lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mélòó kan yẹn gan-an ni ikú ń pa wọ́n jù. Àwọn tó ti la ewu já ni kangarúù wá ń bá.

Láti ọdún 2017, àwọn olùwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kó jọ dán ọ̀nà mìíràn wò ní ilé ìwòsàn márùn-ún: Kumasi ní Gánà, Blantyre ní Màláwì, Dar es Salaam ní Tànsáníà, New Delhi ní Íńdíà, àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ 3,211 ni wọ́n lò, tí ìwúwo wọn wà láàárín kílò kan sí kílò 1.8. Wọ́n gbé ìpín kan lé àyà láìpẹ́ tí wọ́n bí wọn, fún nǹkan bíi wákàtí 17 lójúmọ́. Ìpín kejì tẹ̀lé ìlànà àtijọ́. Láàárín ọjọ́ 28, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 15.7 kú ní ìpín kejì, 12.0 ní ìpín àkọ́kọ́. Èrè náà hàn débi tí wọ́n fi dá ìwádìí dúró kó tó parí, nítorí kò tọ́ mọ́ láti fi du àwọn yòókù. Èsì jáde ní ọdún 2021, WHO sì yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà ní 2022.

Ooru nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ yìí, nítorí àwọn ọmọ ìpín kejì náà rí ẹ̀rọ tó ń mú wọn móoru. Àkóràn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà fura sí dín kù lára àwọn tó wà láyà ìyá. Kòkòrò ara ìyá ni ara ọmọ kọ́kọ́ bá pàdé, kì í ṣe ti wọ́ọ̀dù. Ọwọ́ tó ń kàn án kò pọ̀. Ìyá sì wà nítòsí láti fún un lọ́mú, kó sì tètè rí i bí èémí rẹ̀ bá yí padà.

Àwọn kan ti ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni nǹkan yìí. N kò gbà. Nínú ìwádìí náà, wọ́n ní láti tún wọ́ọ̀dù tò kí bẹ́ẹ̀dì ìyá lè wọnú ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ, kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ́síjìn àti oògùn kò kúrò níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn wa púpọ̀, wọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ ni ìyá wà, ọ̀tọ̀ ni ọmọ. Wọ́n á ní kí ìyá máa lọ sílé, òun á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀dì, ta ni yóò máa wo àwọn ọmọ tó fi sílé, ta ni yóò bá a ṣí ìsọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan? Ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò owó ìlera tí kò ka èyí mọ́ ọn kò tíì ṣírò.

Kì í ṣe ìyá nìkan ló lè gbé e. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ kò bá jẹ́ kí ìyá lè dìde, àwọn ilé ìwòsàn tó ṣe ìwádìí náà jẹ́ kí ó yan ẹlòmíràn nínú ẹbí láti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè mí fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìrànlọ́wọ́ èémí. Ní ti èyí tó ń mí tí wọ́n bí sí ibùdó ìlera tí kò ní ẹ̀rọ, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n dé fìlà fún un, kí wọ́n sì so ó mọ́ àyà ìyá tàbí ẹbí kan kí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.