Egbò Wíwẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn Alábọ́ọ́dé: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Olùrànlọ́wọ́ Òṣìṣẹ́ Ìlera

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè (CHEW), àti ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Ọ̀dọ̀ yín ni elégbò máa ń kọ́kọ́ dé. Ohun tí ẹ bá rí lójú egbò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè gba ẹsẹ̀ ènìyàn là, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ yìí fi ń kọ́ni ní egbò wíwò kó tó kọ́ni ní egbò wíwẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ kí aláìsàn, ẹ wá ìjókòó fún un. Ẹ bi í ní ohun tó fa egbò náà, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ti fi sí i nílé. Bí wọ́n bá ní ẹ̀tù inú kápúsù ni àwọn dà sí i, tàbí kẹrosíìnì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jágbe mọ́ wọn. Ẹni tí a bá jágbe mọ́ lónìí kò ní sọ òótọ́ lọ́la. Ẹ bi í bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí fòníkúfọ̀ladìde, kí ẹ sì bèèrè ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn. Bí egbò náà bá dọ̀tí, tí abẹ́rẹ́ náà sì ti lé lọ́dún 5, tàbí tí kò rántí pé òun gbà á rí, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60. Bí ẹ tilẹ̀ máa wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fọ ọwọ́ náà.

Gọ́ọ̀sì tó ti gbẹ mọ́ egbò ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bí ẹ bá fi agbára ṣí i, ẹran pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù á bá a jáde, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan á sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rọ omi iyọ̀ inú ìgò dírípù sí i, kí ẹ ní sùúrù títí gọ́ọ̀sì á fi rin, kí ẹ wá máa rọra ṣí i láti etí wá sí àárín. Ojú aláìsàn ni kí ẹ máa wò bí ẹ ti ń ṣí i. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò ní ké, ṣùgbọ́n ojú wọn á sọ ọ́.

Omi iyọ̀ náà ni kí ẹ fi wẹ egbò. Bí kò bá sí, omi mímu tó mọ́ tàbí èyí tí a sè tí a sì jẹ́ kó tutù ti tó. Ohun tí ẹ kò lè kán sójú ara yín, ẹ má dà á sójú egbò. Sípíríìtì àti hydrogen peroxide ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa ẹran tó ń hù pẹ̀lú.

Ìwé tó wá láti òkè òkun máa ń sọ pé kí a wá pípọ́n yíká egbò láti mọ̀ bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó bóyá ó gbóná, ẹ wò ó bóyá awọ ibẹ̀ wú, tó ń dán tàbí tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi rúlà bébà wọn gígùn àti fífẹ̀ egbò, kí ẹ kọ ọ́ sí káàdì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tí salẹ́nsà ọ̀kadà bá jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi rọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe ẹyin tútù.

Egbò tí kì í dunni

Bí egbò ọmọ bá fẹ̀, tó ti jẹ wọ abẹ́ awọ, síbẹ̀ tí ọmọ náà ń ṣeré kiri, ẹ fura sí àrùn Buruli. Kókó kékeré tí kì í dunni ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò tó ń fà á, Mycobacterium ulcerans, bá kòkòrò ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ife tan. Àdúgbò àbàtà àti odò tí kì í yára ṣàn ni ó ti wọ́pọ̀. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ará ibẹ̀ ti sọdá ibodè lọ gba ìtọ́jú rẹ̀ ní Pobè ní ilẹ̀ Benin. Àwọn òbí kan á ní àsàsí ni. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ sọ fún wọn pé oògùn rẹ̀ wà: rifampicin àti clarithromycin, fún ọ̀sẹ̀ 8. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lè má dé orí iṣẹ́ abẹ. Ẹ pe alábòójútó ètò ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò.

Ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà náà lè má dùn ún. Ẹ bọ́ bàtà méjèèjì, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Ìṣó lè ti gún un kó má mọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná.

Ohun tó kọjá agbára yín

Ẹ má gé ẹran tó ti kú, ẹ má rán ojú ọgbẹ́. Bí egbò bá ń rùn, tó dúdú, tí egungun hàn, tí ibà mú aláìsàn, tàbí tí wíwú náà ń gbòòrò, nọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ rí i lójú ẹsẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ kọ ìwọ̀n egbò àti ohun tí ẹ ti ṣe sí ìwé tí aláìsàn máa mú lọ, ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá a wá, kí ẹ sì pè é lọ́jọ́ kejì láti mọ̀ bóyá wọ́n dé ibẹ̀.