Ẹ Má Fi Sìmẹ́ǹtì Dí Ọkọ̀ Onígi

Ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ní ọkọ̀ ìgbòkun onígi àtijọ́ máa ń rò. Ọkọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ látìgbà òtútù, wọ́n kùn ún, ó ń dán, wọ́n tì í sómi, kò pẹ́ ni omi mù wọ́n dé kókósẹ̀. Wọ́n á figbe ta pé ọkọ̀ ti bàjẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni káfíńtà oníjìbìtì máa ń yọjú.

Ọkọ̀ náà lè má bàjẹ́ rárá. Igi ló gbẹ.

Ti òpó, okùn àti ìgbòkun kò ṣòro. Ibi tí pákó méjì ti pàdé ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Pákó tí wọ́n kàn mọ́ egungun ìhà ọkọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ra tán. Etí wọn kanra nínú, ṣùgbọ́n wọ́n lanu díẹ̀ síta. Inú ẹnu yìí ni oníṣẹ́ ń ki òwú lílọ́ sí, á fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù onígi gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀, kó má baà yọ sódì kejì. Lẹ́yìn náà ni yóò fi pọ́tì rírọ̀ bò ó.

Omi ló ń parí iṣẹ́ náà. Bí pákó bá mumi, ìbú rẹ̀ ló ń wú, kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i. Ohun kan náà ló ń mú ilẹ̀kùn onígi há nígbà òjò. Pákó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 lè fi nǹkan bíi mìlímítà 4 fẹ̀ sí i. Á fún òwú náà pọ̀ títí omi kò fi ní ríbi gbà. Ó lè gba ọjọ́ kan, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Kí olúwarẹ̀ gbé pọ́ǹpù sínú ọkọ̀, kó so ó mọ́ èbúté, kó sì ní sùúrù.

Oníjìbìtì kò ní dúró. Á ki sìmẹ́ǹtì tàbí gọ́ọ̀mù líle sínú àlàfo nígbà tí pákó ṣì gbẹ, á kun ọ̀dà lé e, á gbowó rẹ̀ lọ. Bí pákó bá wú tí kò ráyè, ibòmíràn ni yóò tì: ìṣó á fà yọ, egungun ìhà á ṣẹ́, etí pákó á rún. Bí ọkọ̀ bá tún gbẹ, àlàfo á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Olè ni ẹni tó bá gbowó lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kejì tún burú jùyẹn lọ: àwọn èèyàn ń sá fún omi òkun, wọn kò sá fún omi òjò. Ohun tó ń mú igi jẹrà, tó jẹ́ ìbátan olú, ń fẹ́ ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́. Kì í gbilẹ̀ nínú igi tó rì sómi pátápátá. Ọkọ̀ Vasa rì ní Stockholm lọ́dún 1628. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1961, púpọ̀ lára rẹ̀ ṣì pé, nítorí omi ibẹ̀ kò níyọ̀ tó fún kòkòrò tí ń lu igi ọkọ̀. Ẹ wá wo ọkọ̀ onígi HMS Victory, tí wọ́n sọ sómi lọ́dún 1765. Láti 1922 ló ti wà nínú kòtò gbígbẹ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Portsmouth. Òjò wọnú pákó rẹ̀ débi pé lọ́dún 2022 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tó ti jẹrà kúrò.

Nítorí náà, òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: dẹ́ẹ̀kì, ìdí òpó, abẹ́ fèrèsé. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, pákó ti jẹrà, ọ̀dà kò lè wò ó sàn. Ẹ má fi ọ̀rá wé ọkọ̀ pinpin, ọ̀rinrin ni yóò há mọ́nú. Kí ẹ tó sanwó fún oníṣẹ́, ẹ fi èékánná tẹ ohun tó fi dí ojú pákó. Bí kò bá tẹ̀, ẹ ní kó tú u, kó tún un ṣe.