Ìgò Oògùn Ọ̀fìnkìn

Bí wọ́n bá sọ ní Èkó pé wọ́n ti gbé lágbájá lọ sí Igbóbì, ẹnikẹ́ni kì í tún béèrè ohun tó ṣe é. Eegun ti ṣẹ́ nìyẹn. Igbóbì ní ojúlé tirẹ̀, ó ní oníṣòwò tirẹ̀, ó ní àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ tí wọ́n sì darúgbó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn eegun ti gba orúkọ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti 1945 ló ti wà, àwọn sójà tí ogun Hítílà ṣe léṣe ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún. Ogun lọ, ọ̀kadà dé, ó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ogun. Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 kí ìjọba Èkó tó fòfin dè é ní gbogbo Ṣómólú, tí Igbóbì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo bá wá, àti ti jìtá. Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà tí alùpùpù sọ di oníjìtá, tí alùpùpù náà sì pa. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ onílù kọjá.

Ẹ pe “ìwé” jẹ́jẹ́. Ohùn yín kò fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, ńṣe ló ń pọ́n òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá pe “rárà”, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń yọ̀ wálẹ̀. Ohun tí onídùndún ń ṣe náà nìyẹn nígbà tó bá fi apá fún ọṣán ìlù mọ́ ìhà: ohùn ń gòkè, ó ń sọ̀, kò sí ibi tó ti já. Jìtá kò mọ irú rẹ̀ í ṣe bí wọ́n ṣe kàn án. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọ́n pín in bí àtẹ̀gùn, ẹni tó ń ta á á sì máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà láàárín àtẹ̀gùn kan sí èkejì, jìtá kò rí i sọ. Gòjé rí i sọ ní tirẹ̀, torí kò ní irin kankan lọ́rùn, ìka kàn ń yọ̀ lórí okùn ni. Ẹ gbọ́ gòjé nínú sákárà Yusuf Ọlátúnjí, ẹ ó rí bó ṣe ń tẹ̀ lé ohùn olórin bí òjìji.

Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ẹrú, ló wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n á fi ọ̀bẹ tàbí ọrùn ìgò lé okùn jìtá, wọ́n á máa fi yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, kí ìka má baà kan àtẹ̀gùn rárá. Ní nǹkan bí 1903, olórin W. C. Handy bá ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ ojú irin Tutwiler ní Mississippi tó ń fi ọ̀bẹ ta jìtá báyìí, kò sì gbàgbé ìró náà títí tó fi kú. Àwọn ará Hawaii ní ọ̀nà tiwọn, irin ni wọ́n ń fi ṣe é, wọ́n á sì tẹ́ jìtá sílẹ̀ bí ọpọ́n ayò. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwo Sunny Adé tọdún 1982, jìtá tó ń ké lọ gbọọrọ níbẹ̀, tó dà bíi gángan tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi, ọwọ́ Dèmọ́lá Adépọ̀jù ló ti jáde.

Ó dáa. Duane Allman ni orúkọ ọmọ tí mò ń sọ. Nashville ni wọ́n ti bí i, ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá 1946. Sójà ni bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 1949, ẹnì kan tó fi mọ́tò gbé lọ́fẹ̀ẹ́ yìnbọn pa á. Ìyá wọn ló tọ́ òun àti Gregg àbúrò rẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí Daytona Beach ní Florida. Gregg ló kọ́kọ́ ra jìtá. Alùpùpù ni Duane ní tirẹ̀, ó sì gùn ún títí ó fi bà á jẹ́. Ó wá kó àwókù rẹ̀ lọ fi pààrọ̀ jìtá. Àbúrò kọ́ ẹ̀gbọ́n, kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi kọjá àbúrò.

Ní ọdún 1968, ó ṣubú lórí ẹṣin, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ṣèṣe (ká ní ọmọ Èkó ni, a mọ ibi tí wọn ì bá gbé e lọ). Ọ̀fìnkìn tún dá a gúnlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ ìbí rẹ̀ kejìlélógún, Gregg gbé ẹ̀bùn méjì wá fún un: àwo orin tí Taj Mahal ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, àti ìgò oògùn ọ̀fìnkìn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Coricidin. Duane gbọ́ bí oníjìtá inú àwo náà, Jesse Ed Davis, ṣe ń yọ̀ lórí okùn. Ó da oògùn nù, ó fọ bébà ara ìgò kúrò, ó ki ìka bọ̀ ọ́. Ìgò náà bá ìka rẹ̀ mu rẹ́gí.

Láti ọjọ́ yẹn títí dé ọjọ́ tó kú, kò pé ọdún mẹ́ta. Ní Ṣómólú níbí, ọmọ tí wọ́n fà lé ọ̀gá onítẹ̀wé lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Duane ti ìka bọ ìgò, kò tíì ní gba fírídọ̀ọ̀mù nígbà tí wọ́n ń sin Duane.

Ẹ wo ohun tó sì ṣe. Lóṣù kan náà, ó ta jìtá fún Wilson Pickett nínú “Hey Jude” ní Muscle Shoals, Alabama. Oníjìtá Eric Clapton gbọ́ orin yẹn, ara rẹ̀ ò balẹ̀ títí ó fi mọ ẹni tó ta jìtá ọ̀hún; ní 1970, àwọn méjèèjì jọ ṣe àwo “Layla” ní Miami. Ní oṣù kẹta 1969, Duane kó ẹgbẹ́ Allman Brothers jọ: oníjìtá méjì, onílù méjì. Ọ̀kan nínú onílù yìí, Jaimoe, aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n sì jọ ń gbé, wọ́n jọ ń rin ìrìn àjò, ní gúúsù Amẹ́ríkà ìgbà náà tí irú rẹ̀ ń bí ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta 1971, Wilson Pickett wà ní Àkíráà ní Gánà, níbi tó ti kọrin fún èrò rẹpẹtẹ ní gbàgede Black Star. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni Duane gun orí ìtàgé Fillmore East ní New York fún àkójọ orin tí a ṣì ń gbọ́ títí dòní. Àwọn kan ń ráhùn pé orin inú rẹ̀ gùn jù, pé ọ̀kan gba ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Ìyẹn kò kan ẹni tí wọ́n fi jùjú tọ́, tó mọ̀ pé orin kan lè gba ojú àwo kan tán kí ọ̀gá tó dárúkọ olówó ìkẹyìn. Àwọn kan tún ní ikú ọ̀sán gangan ló sọ ọ́ di ńlá. Èmi ò gbà. Ẹ gbé ti ikú kúrò, kí ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ nínú àwo yẹn nìkan: ìgò náà ń wọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀, ó ń gun “ìwé”, ó ń sọ̀ lórí “rárà”, ẹ ó fẹ́ máa dá a lóhùn bí ẹni pé ó pe oríkì yín.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 1971, ó ń gun alùpùpù lọ ní Macon, Georgia. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú, ó fẹ́ yà fún un, kò bọ́ sí i. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Berry Oakley, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ní ìjàm̀bá alùpùpù nítòsí ibẹ̀, ó sì kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni òun náà. Ibi ìsìnkú Rose Hill ni wọ́n sin àwọn méjèèjì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹgbẹ́ náà kò torí ikú wọn túká. Nígbà tó yá, Derek Trucks, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Butch Trucks onílù kejì, wọlé bá wọn, ìgò ní ìka òun náà. Wọn kò tíì bí i nígbà tí Duane kú. Ní alẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 2014, wọ́n ṣe eré ìkẹyìn ní New York. Eré náà wọ òru, aago méjìlá kọjá, ọjọ́ yí padà sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Derek sì ń fi ìgò wọ́ okùn lọ.