Kí Ló Ń Lé Àgbà Tó Ń Sáré ní Kétu?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé ni. Òwe yìí ni bàbá kan ní àdúgbò wa ní Ìkòsì fi kí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí wọ́n rí mi tí mò ń sáré bọ̀ láti ìhà Kétu, tí òógùn bò mí, tí kò sì sí ẹni tí ń lé mi. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé kò sí o? Kí ní ń lé ọ?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Kò sí nǹkan o, eré ni mò ń ṣe." Bàbá mi orí, wọ́n ní, "Àgbàlagbà tó ń ṣeré lójú títì!"

N kò bá bàbá wíjọ́. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè Kòṣọ́fẹ́ yóò mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ni ó ń sáré níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń sá tirẹ̀ lásán. Ẹ wo ọ̀nà Ìkòròdú ní kùtùkùtù: òṣìṣẹ́ ń sáré lé dánfó tí kò dúró tán. Ẹ dé ọjà Mile 12, aláàárù ń sáré lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò àlùbọ́sà tí ọkọ̀ kó wá láti Òkè Ọya. Ọmọ tí ń ta omi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ kí owó rẹ̀ má baà bá a lọ. Oúnjẹ òòjọ́ ni gbogbo wọn ń lé. Ta ni yóò wá gbà pé ènìyàn kan jí, ó wọ bàtà, ó sì ń sáré nítorí pé ó dùn mọ́ ọn?

Síbẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a bá pe èdè wa ní ẹlẹ́rìí, kò ní gbè sẹ́yìn bàbá. Kí ni a fa ọ̀rọ̀ náà "sáré" yọ láti inú rẹ̀? "Sá" àti "eré" ni. "Ṣeré" ńkọ́? "Ṣe" àti "eré" ni. Eré kan náà ni! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn baba ńlá wa fi pe ìgbádùn àti ìsáré. Bí a bá tún sọ pé "eré ìdárayá," ohun tí à ń sọ ni eré tí ń dá ara yá. Ọmọdé mọ èyí láìsí olùkọ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe eré ẹkùn mẹ́ran rí lábẹ́ òṣùpá kò lè sọ ibi tí ṣíṣe parí sí àti ibi tí sísá ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a dàgbà ni a pín wọn níyà, tí a fi ìgbádùn sílẹ̀ fún ọmọdé, tí a sì di wàhálà mú.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún tí mo pé ẹni ọdún 43, dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀rù bà mí, nítorí àìsàn yìí kan náà ni ó mú ẹ̀gbọ́n mi lọ. Dókítà fún mi ní oògùn, ó sì ní kí n máa lo ara mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òpó iná mẹ́ta péré ni mo sá kọjá kí èémí mi tó fẹ́ pin. Ẹ̀rù ni ó lé mi jáde nílé, n kò purọ́; òwe bàbá kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ẹ̀rù fi ṣí kúrò, tí ayọ̀ sì gba ipò rẹ̀. Atẹ́gùn tútù ṣáájú èéfín ọkọ̀, òórùn àkàrà àkọ́dín, ẹsẹ̀ tí ń dún bí ìlù lórí ọ̀dà, ọkàn tí ó fúyẹ́ nígbà tí mo bá padà délé: mélòó ni mo fẹ́ kà?

N kò dá nìkan wà. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 tí eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin ti ìlú Èkó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwọn ògbóǹtarìgì láti òkè òkun nìkan ni ó ń sá a. Àwọn ará Èkó náà ń bẹ níbẹ̀, bí ìrìn náà tilẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti díẹ̀, tí ó sì gba orí afárá Third Mainland. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré afofẹ́ẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2022, ó sì gba ipò ẹni tí ó yára jù lọ láyé nínú eré náà. Òun ń lé àmì-ẹ̀yẹ. Àwa kò lé ìyẹn. Asárétete kò ní kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ kò ní sùn sọ́nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 ìrìn kánmọ́kánmọ́ lọ́sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 eré sísá, tó àgbàlagbà. Bí a bá pín 75 sí ọ̀nà mẹ́ta, ìṣẹ́jú 25 péré ni lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ìkìlọ̀ ò ní ṣàìsí. Kí àgbà kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò. Kí ó fi ìrìn ṣáájú eré. Kí ó fi títì ńlá sílẹ̀ fún ọkọ̀, kí ó sì máa gba àárín àdúgbò. Kí ẹ̀yin olùkọ́ má sì fi eré sísá jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà mọ́, nítorí ọmọ tí a bá fi eré nà kò ní fẹ́ràn rẹ̀ lágbà.

Bàbá mi ọjọ́ náà ńkọ́? Ní òwúrọ̀ kan ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ bàtà kánfáàsì funfun. Wọ́n ní àwọn kò lè sáré o, ṣùgbọ́n kí n rọra, kí a jọ rìn dé ìkóríta. A kò tí ì rìn jìnnà tí ìyá kan fi kígbe láti ẹ̀gbẹ́ títì pé, "Ẹ̀yin bàbá, kí ní ń lé yín láàárọ̀ yìí?" Bàbá kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Eré ni à ń ṣe."