Bí Alẹ́ Ewì Àwọn Ọ̀dọ́ Ṣe Fẹsẹ̀ Múlẹ̀ ní Chicago

Ilé ọtí Green Mill wà ní àdúgbò Uptown, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù Keje ọdún 1986 ni àwọn akéwì ti sọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú di tiwọn níbẹ̀. Marc Smith tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló ń ṣe jẹun. Bó bá gun orí pèpéle tó ní, "Èmi ni Marc Smith," gbogbo ilé á bú sí i pé, "Kí ló wá kàn wá!" Wọn kò fi tàbùkù rẹ̀. Ara ètò alẹ́ náà ni, kí ó lè yé tolórí tẹlẹ́mù pé olùgbọ́ ló lọ́jọ́.

Ohun tó ń bí Smith nínú ni pé àwọn akéwì ìgbà náà a máa gbé ojú lé ìwé, wọn a sì máa kà á bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó níwájú wọn. Ó bá gbé ìdájọ́ lé àwọn èrò lọ́wọ́. Slam ni wọ́n pe ìdíje náà. Nínú òfin rẹ̀ tó wá tàn káàkiri, èèyàn 5 ni wọ́n ń mú láàárín èrò láti ṣe adájọ́. Wọn a fún ewì kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé 10, wọn a yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, wọn a sì ro mẹ́ta yòókù pọ̀. Ìṣẹ́jú 3 ni akéwì ní, kò sì gbọ́dọ̀ mú ìlù tàbí ẹ̀wù eré wá. Àwọn èrò kì í dákẹ́: wọn a máa ta ìka, wọn a máa fẹsẹ̀ janlẹ̀, bí ewì bá sì sú wọn, wọ́n á jẹ́ kó hàn. Ẹni tó bá ti dé ibi tí àwọn ọdẹ ti ń sun ìjálá mọ irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀. Bí apohùn bá ṣi oríkì pè níbẹ̀, ẹlòmíràn á ta kò ó, á sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Slam kúrò ní Chicago, ó dé New York àti San Francisco, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ọdún 1990. Àmọ́ ilé ọtí ni ilé rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 kò lè wọ Green Mill, nítorí òfin ọtí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìta ni wọ́n wà.

Bẹ́ẹ̀, Chicago kò ṣàìmọ ohun tí ọmọdé lè fi ewì ṣe. Ní ọdún 1941, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Inez Cunningham Stark bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní ewì kíkọ ní South Side Community Art Center. Gwendolyn Brooks, tí kò tíì pé ọdún 25, wà lára wọn. Ọdún 9 lẹ́yìn náà, òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pulitzer.

Brooks kò gba ẹ̀bùn náà kó ti ìlẹ̀kùn. Ní ọdún 1967, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní Blackstone Rangers ní ewì, àwọn ọ̀dọ́ akéwì bíi Haki Madhubuti sì ń wá sílé rẹ̀. Òun àti wọn a máa wọ ilé ọtí àdúgbò lọ láìròtẹ́lẹ̀, wọn a sì kéwì fún àwọn tó ń mutí. Láti ọdún 1968 títí tó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, òun ni akéwì àgbà ìpínlẹ̀ Illinois. Lọ́dọọdún ló ń fi owó ara rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bá kọ ewì tó dára.

Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Bob Boone dúró lé nígbà tó dá Young Chicago Authors sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé fún àwọn ọmọ girama tó fẹ́ràn ìwé kíkọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà fi WordPlay kún un: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á gbé máìkì kalẹ̀, ọ̀dọ́ tó bá wù á forúkọ sílẹ̀, á sì kéwì. Kò sí ọtí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí.

Lẹ́yìn náà ni ìdíje dé. Ní ọdún 2001, lábẹ́ Young Chicago Authors, Kevin Coval àti Anna West bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Louder Than a Bomb, orúkọ tí wọ́n mú láti inú orin ẹgbẹ́ olórin ráàpù Public Enemy. Àkókò tó le fún ọ̀dọ́ ni. Chicago ti ṣe òfin tó gba ọlọ́pàá láyè láti tú àwọn tí wọ́n bá fura sí pé wọ́n jẹ́ ọmọ ìta ká bí wọ́n bá dúró pọ̀ lójú pópó. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé e ní ọdún 1999, ìlú sì tún un kọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Níbi tí ìkórajọ àwọn ọmọ adúláwọ̀ àti ti Látìn ti di ọ̀ràn, àjọ̀dún yìí ní kí wọ́n kóra jọ, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ sókè. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan á kó ikọ̀ wá. Yàtọ̀ sí ewì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dá ké, wọ́n ní èyí tí wọ́n jọ ń ké. Nígbà tó ṣe, ikọ̀ tó ń wá ju 100 lọ. Ní ìlú tí ẹ̀yà àti owó ti pín àdúgbò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ South Side ń gbọ́ ohun tó ń dun ọmọ North Side lẹ́nu onítọ̀hún gan-an.

Fíìmù kan tó jáde ní ọdún 2010, tó ń jẹ́ orúkọ àjọ̀dún náà, fi àwọn ọmọ wọ̀nyí han ayé. Nate Marshall wà nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní girama. Ìwé ewì rẹ̀, *Wild Hundreds*, jáde ní ọdún 2015, òun náà sì di olùkọ́ yunifásítì.

Ibi tí èso náà ti pọ̀ jù ni ilé-ìkàwé ìjọba. Ní ọdún 2009, Harold Washington Library ṣí àyè kan fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n pè é ní YOUmedia. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó níye lórí jù ni Mike Hawkins, tí gbogbo ọmọ ń pè ní Brother Mike. Ó máa ń jókòó tì wọ́n, á gbọ́ ewì wọn, á sì sọ ibi tó kù sí fún wọn. Chance the Rapper, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, wà lára wọn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ lé e sílé fún ọjọ́ 10, ó fi àkókò náà bẹ̀rẹ̀ *10 Day*, àkójọ orin tó gbé jáde ní ọdún 2012. Ní ọdún 2017, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy 3. Noname náà, akéwì tó di olórin ráàpù, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ti ń dojú kọ èrò.

Tálẹ́ńtì nìkan kọ́ ló gbé wọn débẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé máìkì yóò wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún ewì rẹ̀ kọ. Ọmọ tí àgbàlagbà kan ń gbọ́ tẹ́tí tẹ́tí á dẹ́kun fífi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìdíje ń fa èrò wá, àmọ́ ìpàdé ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ló ń tọ́ akéwì dàgbà.

Brother Mike kú ní ìparí ọdún 2014. Láti fi rántí rẹ̀, Chance àti akéwì Malcolm London bẹ̀rẹ̀ Open Mike, alẹ́ ewì tó wà fún kìkì àwọn ọmọ girama, láìgba kọ́bọ̀. Ó wà lára iṣẹ́ SocialWorks, àjọ tí Chance dá sílẹ̀ ní ọdún 2016. Louder Than a Bomb, àjọ̀dún Young Chicago Authors, náà ti gba orúkọ tuntun, Rooted & Radical. Àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti kéwì lánàá ló wá ń gba orúkọ àwọn ọmọ tuntun lẹ́nu ọ̀nà báyìí.