Ọjọ́ Tí Àgbàdo Yóò Wọlẹ̀: Ohun Tí Àyípadà Ojú-Ọjọ́ Ń Béèrè Lọ́wọ́ Àgbẹ̀ Òjòkú

Láàrin ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ a máa dé sí Òjòkú àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ìpínlẹ̀ Kwara. Ó lè jẹ́ ẹyọ òjò kan ṣoṣo, tó bá ìjì àti àrá wá ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àgbẹ̀ ní ìpinnu kan láti ṣe: ṣé kí òun gbin àgbàdo òun báyìí ni, àbí kí òun ṣì dúró? Bó bá gbìn, tí òjò sì tẹ̀ lé òjò, òun ni yóò kọ́kọ́ kó àgbàdo tútù dé ọjà Ọ̀fà nígbà tó ṣì gbówó lórí. Bó bá gbìn, tí òjò sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbàdo tó ti yọrí á gbẹ mọ́lẹ̀, owó irúgbìn àti owó alágbàṣe á di gbèsè.

Bí àyípadà ojú-ọjọ́ ṣe ń kan ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí. Bí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣèpàdé àgbáyé lórí rẹ̀ ní Dubai tàbí Baku, ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ yìnyín tó ń yọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní Òjòkú, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbìn ni, àti ohun tí ọmọ yóò jẹ títí iṣu tuntun yóò fi dé.

Ìdí tí òjò àkọ́rọ̀ fi ń tan ènìyàn jẹ kò ṣòro láti yé. Atẹ́gùn méjì ló ń du ojú ọ̀run wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀, omi ló kún inú rẹ̀. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Ibi tí méjèèjì ti pàdé kì í dúró sójú kan: bí oòrùn ṣe ń lọ sí apá àríwá lọ́dọọdún ló ń tẹ̀ lé e, bí ọdún bá sì ń lọ sópin, á fà sẹ́yìn padà sí etí òkun. Nígbà tó bá kọ́kọ́ gba orí ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ tiwa yìí kọjá, atẹ́gùn olómi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì nípọn. Ó lè rọ òjò kan, kí atẹ́gùn aṣálẹ̀ tún tì í padà. Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn baba wa sì mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i: wọ́n á gbin díẹ̀ lórí òjò kìíní, wọ́n á fi èyí tó kù de òjò tó dájú.

Ooru ló wá kún ọ̀rọ̀ náà. Ayé ti fi ju ìwọ̀n Celsius 1 lọ gbóná ju bó ti rí kí àwọn orílẹ̀-èdè onílé-iṣẹ́ ńlá tó máa jó èédú àti epo rọ̀bì. Ọdún 2024 ni ọdún kíkún àkọ́kọ́ tó kọjá 1.5. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fi ìwọ̀n 1 gbóná sí i, omi tó lè gbé á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa fa omi lára ilẹ̀ àti ewé kíákíá, a sì máa pẹ́ kó tó kún. Ọjọ́ tó bá kún, á da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí ọ̀gbẹlẹ̀ àti àgbàrá fi lè bá oko kan náà láàrin oṣù kan.

Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Òótọ́ ni tí a bá ń sọ̀rọ̀ omi tó ń bọ́ láti òkè. Tí a bá wo ẹni tí omi náà ń gbé lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lágbàáyé, IPCC, gbé jáde ní 2022 fi hàn pé láàrin 2010 sí 2020, iye ènìyàn tí ìkún omi, ọ̀dá àti ìjì pa níbi tí agbára àwọn ènìyàn ti kéré jù tó ìlọ́po 15 ti àwọn ibi tí nǹkan ti rọ̀ṣọ̀mù. Èéfín tí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pa pọ̀ ń tú sójú ọ̀run kò sì tó ìdá 4 nínú 100.

Ìyàtọ̀ yẹn wà láàrin ilé sí ilé pẹ̀lú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gba owó oṣù ní Ìlọrin á rí owó ra irúgbìn lẹ́ẹ̀kejì. Opó tó ń yá ilẹ̀ dáko kò ní ìkejì. Ìyá tó ń sá gbodo fún èlùbọ́ gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsí òjò láàrin; òjò kan tó bá ṣèèṣì rọ̀ nígbà ẹ̀rùn, èlùbọ́ á hu èébu, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìdílé, ilẹ̀ ọkọ ni obìnrin ń ro, kò sì lè dá pinnu pé òun fẹ́ gbin igi sí i. Ìgbà tí oko bá kọ̀ ni ọmọkùnrin ń lọ wa ọ̀kadà ní ìgboro, tí àwọn tó kù sì ń gé igi jó èédú tà. Èyí tó dùn mí jù nìyẹn, nítorí igi tí wọ́n ń gé gan-an ló ń dá ilẹ̀ wọn dúró.

Ǹjẹ́ ohun kan wà tí a lè ṣe sí i? Bangladesh ti dáhùn. Ní 1970, ìjì òkun tí wọ́n ń pè ní Bhola pa ènìyàn tó tó 300,000 níbẹ̀, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ọ̀dọ́ olùyọ̀ǹda jọ tí wọ́n ń gbé gbohùngbohùn kiri ìletò, wọ́n sì kọ́ ilé gíga tí ènìyàn lè sá sí. Nígbà tí ìjì Amphan dé ní 2020, àwọn tó kú níbẹ̀ kò tó 50. Orílẹ̀-èdè náà ò lówó, òkun rẹ̀ ò sì rọlẹ̀. Ìkìlọ̀ tó dé ẹsẹ̀ ilé àti ibi tí ènìyàn lè sá sí ló mú ìyàtọ̀ wá.

Ẹ wá wo tiwa. Ní òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2025, omi ya wọ Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì wà lójú oorun. Àwọn tó kú ju 150 lọ. Ẹni tó bá gba Jẹ́bà kọjá Odò Ọya lọ ra ẹ̀wà mọ Mokwa. Kò jìnnà sí Kwara rárá. Àwa tí a wà ní agbègbè Ìrá, ìlú tí ìtàn so mọ́ Ọya fúnra rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa pé ìjì àti omi lágbára.

Ti oko náà ní ọ̀nà àbáyọ, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni àwọn kan sì ti kọ́kọ́ là á. Ní Burkina Faso, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo, tó kú ní 2023, sọ ilẹ̀ tó ti le gbagidi di igbó padà: ihò kéékèèké ló ń gbẹ́ nígbà ẹ̀rùn, á kó ìgbẹ́ ẹran sí i, òjò tó bá wá rọ̀ á dúró sínú ihò dípò kó ṣàn lọ. Ní orílẹ̀-èdè Niger, láti 1983, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, Tony Rinaudo, àti àwọn àgbẹ̀ agbègbè Maradi kò gbin igi tuntun. Kùkùté tó ń rú sókè nínú oko ni wọ́n ń tọ́jú, tí wọ́n ń yan ẹ̀ka tó dára sílẹ̀. Ilẹ̀ tó ti bá ọ̀nà yìí padà ní igi lé ní mílíọ̀nù hẹ́kítà 5. Tí a bá sọ èyí fún àgbàlagbà ní Òjòkú, kò ní yà á lẹ́nu, torí àṣà dídá igi emi àti igi irú sí láàrin oko kì í ṣe tuntun ní ọ̀dàn wa. Oògùn apakoríko àti katakata ló ń pa kùkùté wọ̀nyẹn báyìí. Irúgbìn náà wà: láti 2007 ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ CIMMYT ti jọ ń ṣe àgbàdo tó lè fara da ọ̀dá, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń jàǹfààní.

Ṣùgbọ́n bí irúgbìn bá dára tó bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ọjọ́ ìgbìn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ NiMet ni ìdáhùn rẹ̀ wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí ojú-ọjọ́ yóò ṣe rí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde: ọjọ́ tí òjò tó ṣeé gbìn lé yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀, iye ọjọ́ tí ilẹ̀ lè fi gbẹ láàrin, àti bí ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ yóò ṣe pẹ́ tó. Àsọtẹ́lẹ̀ lè tàsé, síbẹ̀ ó sàn ju ká máa wo ojú sánmọ̀ lásán. Bó ṣe ń dé oko ni ìṣòro. Nígbà kan, òṣìṣẹ́ ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀, tó ń gun alùpùpù láti ìletò dé ìletò, tí Báńkì Àgbáyé ń ṣàtìlẹ́yìn fún, ni ìbá mú un lọ. Láti ìgbà tí owó yẹn ti dínkù ní àwọn ọdún 1990, iye àgbẹ̀ tó wà lọ́rùn òṣìṣẹ́ kan ti pọ̀ ju ohun tó lè kárí lọ. Rédíò ló kù. Bí Harmony FM tó wà ní Ìdófìàn àti Radio Kwara bá ń tún un sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní Yorùbá tó já gaara, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹrin, owó tí yóò ná ìjọba kéré gan-an.

Owó ńlá ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí o, àmọ́ ọ̀nà ibòmíràn ló ń gbà. Ní 2009, ní Copenhagen, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣèlérí pé nígbà tí 2020 bá fi máa dé, àwọn yóò máa wá bílíọ̀nù 100 dọ́là lọ́dún fún àwọn tí kò ní. 2022 ló tó pé. Ní Baku ní 2024, wọ́n gbé ìlérí náà dé bílíọ̀nù 300 lọ́dún nígbà tí 2035 bá fi máa dé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà yóò nílò ó kéré tán bílíọ̀nù 310 dọ́là lọ́dún nígbà tó bá fi máa di 2035 fún mímúra de àyípadà yìí nìkan. Èyí tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ láti òkèèrè ní 2023 jẹ́ bílíọ̀nù 26. Ìdí rẹ̀ ò pamọ́: ẹni tó kọ́ ilé-iṣẹ́ iná oòrùn á ta iná, á rí èrè. Gọ́tà tí kò jẹ́ kí omi wọlé kò ní ohun tó ń tà. Púpọ̀ nínú owó tó sì ń wá, ẹ̀yáwó ni. Mílíọ̀nù 700 dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní ìparí 2021 fún ACReSAL, ètò ìtọ́jú ilẹ̀ tó wà fún ìpínlẹ̀ 19 ní Àríwá, Kwara pẹ̀lú, àti Àbújá, àwa náà la ó san án padà. Èmi ò gbà pé ó tọ́ kí ẹni tí kò dáná sun nǹkan máa yáwó láti pa iná.

Adójútòfò fún oko lè gba ẹrù díẹ̀ lọ́rùn àgbẹ̀. Irú èyí tó ń tàn kálẹ̀ ní Áfíríkà kì í rán ẹnikẹ́ni wá wo oko: bí òjò tí wọ́n wọ̀n ní agbègbè kan kò bá tó iye tí wọ́n fi àdéhùn sí, gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ á gbowó. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni àlébù rẹ̀ wà, torí òjò ilẹ̀ wa lè rọ̀ ní Ẹ̀rìn-Ilé kó má kan Òjòkú. Bí ó bá jẹ́ òjò Ìlọrin tàbí ohun tí sátẹ́láìtì rí ni wọ́n fi ṣírò, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jóná lè gbọ́ pé òjò tó. Òṣùwọ̀n òjò kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá: garawa tó ní àmì ni, ẹni tí yóò máa kà á láràárọ̀ ló nílò. Ilé-ẹ̀kọ́ girama wà ní Òjòkú, ó wà ní Ìlemọ́nà, ní Ìpeé àti ní Ìrá. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun lè gbé ọ̀kan sí ọgbà kọ̀ọ̀kan kí òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ tó dé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ sí NiMet.