Báìtì Tó Yẹ̀ Lórí Ìlà

"data abort." Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni bọ́ọ̀dù náà kọ sójú kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ ọn. Ó to nọ́ńbà rẹpẹtẹ tẹ̀ lé e, ó kú, ó tún jí, ó sì tún kú síbi kan náà. Ẹni tó ti bá U-Boot ṣiṣẹ́ rí á mọ bó ṣe ń dunni tó. U-Boot ni bootloader tó ń jí ẹ̀rọ lójú oorun, tó ń gbé Linux wọ inú mẹ́mórì.

Báìtì tó yẹ̀ lórí ìlà lè fa irú ikú yìí, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́. Lọ́dún 1985 ni Sophie Wilson àti Steve Furber ṣe prósẹ́sọ̀ ARM àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ Acorn, ní Cambridge. Báìtì mẹ́rin-mẹ́rin ló ń kó, àdírẹ́sì tí 4 lè pín láìṣẹ́kù ló sì ń fẹ́. Ká ní 11, 22, 33, 44, 55 tò láti àdírẹ́sì 0. Bí o bá ní kó kó mẹ́rin láti àdírẹ́sì 1, ohun tó máa gbé fún ọ ni 22, 33, 44, 11. Kò dé ọ̀dọ̀ 55 rárá. 11 tó wà níwájú ló yí lọ sẹ́yìn. Lójú tèmi, ó sàn kí ẹ̀rọ kú ju kó parọ́ báyìí lọ, torí a máa wá ohun tó pa èyí tó kú.

ARMv6 ló wá gbà kí a máa kó dátà láti àdírẹ́sì yòówù. Nígbà tí GCC 4.7 jáde lọ́dún 2012, compiler yìí gbà pé ìjà ti parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àmọ́ àyè yẹn ní gbèdéke: mẹ́mórì gidi nìkan ló wà fún. Nígbà tí bootloader bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, MMU tó ń sọ irú ibi tí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan jẹ́ kò tíì ṣiṣẹ́. Lórí ARMv7, prósẹ́sọ̀ á ka gbogbo ibẹ̀ sí ibi ẹlẹgẹ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn bó ṣe wù wá. Gbólóhùn kúkúrú kan tí compiler fẹ́ dà kọ ní mẹ́rin-mẹ́rin ti tó láti pa bọ́ọ̀dù. Ẹni tó kọ ètò náà á tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ títí, kò ní rí àṣìṣe, nítorí kò sí níbẹ̀.

Àwọn ará U-Boot wá ń fi -mno-unaligned-access kìlọ̀ fún GCC. Ìyẹn yanjú ti compiler. Ti dátà ṣì wà níbẹ̀. Lórí arm64, device tree, tó ń sọ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún Linux, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí 8 lè pín láìṣẹ́kù. Bí o bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí fáìlì tó gùn ní báìtì 1,003, ó ti yẹ̀ nìyẹn. Báìtì 5 òfìfo ni wàá kọ́kọ́ tò sáàárín.